Oúnjẹ Ìṣínu Kọ́ Ló Pa Ìyàwó Mi

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ǹ bá má sọ ọ́ títí wọn yóò fi sin mí. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn tó fẹ́ fẹ́ Sẹ̀kínà, ọmọ ará ilé wa àtijọ́ kan, fún ọmọ wọn wá ṣe ìwádìí ní agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Bàbá kan nínú wa sọ fún wọn pé, "Ẹ rọra o. Ìyá ọmọ yẹn ló gbé oúnjẹ fún obìnrin kan níbí. Obìnrin náà ò rí ọjọ́ kejì."

Èmi ni ọkọ obìnrin náà. Mo jókòó níbẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan títí wọ́n fi dìde lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Ìyàwó mi máa ń mutí. Láàsì ló ń tà ní Ìdúmọ̀tà, àárín aṣọ ló ń fi ọtí inú ọ̀rá pamọ́ sí. Ìgbà tí àbíkẹ́yìn wa kú ló bẹ̀rẹ̀. Èmi nìkan ló mọ̀. Alhájà ni gbogbo ayé ń pè é.

Nígbà tí ààwẹ̀ ku ọ̀la, mo da gbogbo ọtí náà nù. Mo ní kó búra pé òun ò ní mu ún mọ́. Ó búra. Mo rò pé oore ni mo ṣe.

Lọ́jọ́ kìíní, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè wé ìbòrí. Òógùn bò ó. Ó ń bì. Bí ẹnìkan bá ti ilẹ̀kùn, á fò sókè. Àwọn ará ilé ní ebi ààwẹ̀ ni. Ó rọra sọ fún mi pé, "Bàbá Mùtíù, ẹ bá mi wá ọ̀rá kan péré. Ara mi ò gbà á." Mo ní kó lọ ṣe àlùwàlá.

Nígbà ìṣínu ọjọ́ kejì, Ìyá Sẹ̀kínà, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, gbé ògì àti àkàrà wá fún un, bí a ti máa ń ṣe fún ara wa. Kò tíì jẹ ẹ́ tán tí gìrì fi mú un.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Bàbá, ṣé Màmá máa ń mutí? Ẹ má fi pamọ́ o, nítorí oògùn tí a máa fún un ni."

Mo ní, "Ọtí kẹ̀? Alhájà!"

Ìyàwó mi ń wò mí. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Oògùn ibà ni wọ́n fún un. Kò rí ọjọ́ kejì lóòótọ́.

Àwọn ará ilé ní àkàrà ló pa á. Mo dákẹ́. Ìyá Sẹ̀kínà fi Kùránì búra, wọn ò gbà. Ọjọ́ tó ń kẹ́rù lọ, ó yà sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Bàbá Mùtíù, ẹ̀yin ẹ mọ̀ pé mi ò ṣe é, àbí?"

Mo ní, "Ọlọ́run ló mọ̀."

Àgbà ni mo fi kọ́ ìwé kíkà. Nínú ìwé pélébé kan ni mo ti wá kà á pé ẹni tó ti mutí pẹ́ kì í dá a dúró lójijì láìsí dókítà, pé gìrì rẹ̀ lè pa ènìyàn, pé ọwọ́ gbígbọ̀n ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àwọn ọmọ mi ò mọ̀. Orúkọ rere ìyá wọn ni gbogbo ohun tí wọ́n ní. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn àna Sẹ̀kínà ti yọwọ́, ọmọ náà ò sì jẹun mọ́. Bí mo bá tètè lọ bá wọn, bóyá wọ́n á padà.

Mà á sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i: ta ni kí n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún, Ìyá Sẹ̀kínà ni, tàbí àwọn ọmọ tí mo bí?