Orúkọ Chiara Ló Wà Lára Àwòrán Náà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún méjì rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́rùn mi. Ǹ bá má sọ ọ́ rárá, àmọ́ lẹ́tà kan dé lọ́jọ́ Ajé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kẹ́ ẹ tó bú mi.

Turin ní Ítálì ni mo wà. Iṣẹ́ wa ni ká máa yẹ àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà ní ìpẹ̀kun àríwá ayé wò, níbi tí òkun ti di yìnyín. Yìnyín ọ̀hún ń yọ́, Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà àtàwọn yòókù sì ń du ọ̀nà ojú omi tó ń là. Àwa la máa ń ka ọkọ̀ ogun wọn.

Wọn kì í jẹ́ kí àjèjì ṣí àwọn àwòrán kan. Chiara, ọmọ Ítálì tá a jọ ń jókòó, ló máa ń ṣí wọn hàn mí kí n lè mọṣẹ́. Ó fọkàn tán mi.

Lọ́jọ́ kan, màmá mi pè láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní àwọn ará àdúgbò ń sọ pé abọ́ ni mò ń fọ̀ ní Ítálì. Èmi! Ó dùn mí dénú eegun.

Nígbà tí Chiara lọ mu caffè, mo fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀: pápá ọkọ̀ òfurufú tuntun táwọn ológun ń kọ́ sí etí yìnyín. Mo fi í sórí WhatsApp ẹbí. Mo ní, "Iṣẹ́ mi rèé o." Àdúrà rọ̀ bí òjò. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Bergamo, ní Ítálì níbí, ní, "Ojú ti ọ̀tá!" Ni ẹ̀gbọ́n mi bá fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti dọ́wọ́ àwọn oníròyìn. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó yà á, àmọ́ orúkọ Chiara hàn ní igun rẹ̀. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ó bi mí bóyá mo rí ẹnikẹ́ni nídìí kọ̀ǹpútà òun. Mo ní rárá. Permesso mi, ìwé tí mo fi ń gbé ìlú wọn, ló fẹ́ parí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù bà mí. Àga rẹ̀ ni mò ń jókòó lé báyìí.

Ó ti wá pe ilé iṣẹ́ lẹ́jọ́. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ló kọ lẹ́tà náà pé kí n wá jẹ́rìí. Chiara fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ìwọ nìkan lo lè sọ fún wọn pé èmi kọ́."

Òótọ́ ló sọ.

Màmá mi ṣì fi àwòrán yẹn sójú fóònù wọn, wọ́n ń fi í han àlejò. Ẹ jọ̀ọ́, Ọjọ́bọ̀ ni ẹjọ́. Kí ni kí n sọ?