Ọjọ́ Tí Epo Tán Ni Wọ́n Bí Bàbá Mi

Láti ìgbà tí epo ti gbówó lórí, ọ̀dọ̀ mi ni àwọn ará abúlé wa ń wá bí wọ́n bá fẹ́ ra ọkọ̀. Wọn á jókòó sí abẹ́ ilé wa tó dúró lórí òpó, wọn á mu omi tútù, wọn á ní, “Fai, ìwọ tí o yan ọkọ̀ fún bàbá rẹ, yan fún àwa náà.” Èmi náà á máa bi wọ́n léèrè: kí ni ẹ fẹ́ fi rù? Ibo lẹ ń lọ lójoojúmọ́? Ta lẹ mọ̀ tó ń wa irú rẹ̀, báwo ló sì ṣe ń mu epo sí? Ìmọ̀ràn gidi ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ojú á máa tì mí bí ẹni tó wọ aṣọ tó jí gbé lọ sí tẹ́ńpìlì, torí pé ìmọ̀ràn kọ́ ni mo fi yan ọkọ̀ fún bàbá mi. Irọ́ ni mo fi yàn án. Ó tó gẹ́ẹ́. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ jáde lónìí, kí ẹ tó tún pè mí ní ọlọ́gbọ́n.

Ẹ mọ Khampan bàbá mi. Ẹní tí èmi àti ìyá mi Lamun ń hun ló máa ń rù lọ tà ní àwọn ọjà tó wà lápá Warin, títí wọ ìlú Ubon. Ẹní kún ojú, kò wúwo. Alùpùpù arúgbó kan tí a so kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló fi ń ṣiṣẹ́ náà. Bí òjò bá dé bá a lọ́nà, á bọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀ bo ẹní, á sì wọlé tọ̀ wá ní ìhòòhò àyà, á máa kọrin. Nígbà tí alùpùpù náà kú pátápátá, a rí i pé a kò lè máà ra ọkọ̀. Àsìkò yẹn gan-an sì ni epo ń gun òkè. Ìgbàkígbà tí ọmọbìnrin ilé epo bá gbé àkàbà jáde láti yí iye owó padà, gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà á pòṣé lẹ́ẹ̀kan náà.

Wichit tó ń ta ọkọ̀ àlòkù lójú títì ní ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan níwájú ọgbà rẹ̀. Dúdú ni, ó ń dán, ó ga débi pé táyà rẹ̀ kàn mí láyà. Bàbá mi dúró níwájú rẹ̀ bí ọkọ ìyàwó. Wichit ní, “Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí ti ń retí yín. Ẹ gùn ún kí àwọn ọ̀tá yín lè rí yín.” Bàbá mi kò tilẹ̀ gbọ́ ọ. Èmi ló yíjú sí, ó rọra ní, “Fai, wò ó. Dúdú ni.” Mo mọ ohun tó ń wí. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ ìbí ẹni ló ń sọ àwọ̀ ọkọ̀ ẹni. Òru Ọjọ́rú ni wọ́n bí bàbá mi, òru Ọjọ́rú sì jẹ́ ti Rahu, ẹni dúdú tó ń gbé òṣùpá mì. Ọdọọdún ni bàbá mi ń gbé ohun dúdú fún un: kọfí dúdú, adìẹ dúdú, ìrẹsì dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Àwa la máa ń jẹ ẹ́ tán lẹ́yìn àdúrà. Ọdọọdún náà ni ìyá rẹ̀, Ìyá àgbà Chom, máa ń sọ ìtàn ìbí náà lórí adìẹ ọ̀hún: “Epo tán nínú àtùpà kí orí rẹ tó jáde. Kò sí ìmọ́lẹ̀. Àkùkọ kò tíì kọ. Ọwọ́ ni mo fi mọ̀ pé akọ ni ọ́.” Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ọjọ́ tí epo tán ni wọ́n bí mi. Báwo ni n ó ṣe wá máa bẹ̀rù epo ọ̀wọ́n?”

Ìyá mi kọ́kọ́ gbìyànjú. Ó ní, “Bàbá Fai, ṣé ẹní lẹ fẹ́ fi í rù ni àbí òkè?” Bàbá mi ní, “Obìnrin yìí, o ò mọ ẹwà.” Ìyá mi ní, “Mo mọ̀ ọ́n, òun ló mú mi fẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹwà ò ní bá yín ra epo.” Èmi náà lọ pe Bàbá Somdi aládùúgbò wa, tí ọkọ̀ ńlá tirẹ̀ ti wà lábẹ́ igi máńgòrò láti ìgbà tí epo ti wọ́n, tí adìẹ sì ń yé ẹyin sínú ẹ̀yìn rẹ̀. Somdi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: “Khampan, àwọn adìẹ mi nìkan ló ń gun ọkọ̀ mi báyìí. Bí mo bá kàn tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, bí ẹni pé mo ń da epo sílẹ̀ ni.” Bàbá mi ronú, ó ní, “Somdi, ọjọ́ wo ni wọ́n bí ọ?” “Ọjọ́ Àìkú ni.” “Ṣé o rí i báyìí? Dúdú kì í ṣe tìrẹ. Ìdí ẹ̀ nìyẹn.” Ẹ̀yin ará, kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo mọ̀ pé mo ṣì lè ní sùúrù. Mo lè bẹ̀ ẹ́ kí a yá ọkọ̀ Somdi lọ sí ọjà lẹ́ẹ̀kan péré, kí ojú rẹ̀ rí ohun tí ọkọ̀ náà yóò mu. Ọ̀nà tó tọ́ nìyẹn. Ó sì wá sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó yá ni mo tọ̀.

Mo ti rí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan lẹ́yìn ọgbà Wichit, funfun, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, kò mu epo rárá. Gbogbo ẹní wa gba inú rẹ̀. Mo tọ Ìyá àgbà lọ níbi tó dùbúlẹ̀ sí nínú àwọ̀n tí a so rọ̀, tó ń jẹ ewé tó ń mú ètè pọ́n. Mo ní, “Ìyá àgbà, ẹ dákun, ẹ sọ fún Bàbá pé ilẹ̀ ti mọ́ kí ẹ tó bí wọn.” Nítorí pé ní ìṣirò tiwa, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ọjọ́ ń yí padà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó ti di ọmọ Ọjọ́bọ̀ nìyẹn, dúdú sì jẹ́ èèwọ̀ fún ọmọ Ọjọ́bọ̀. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi sín. “Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé o fẹ́ kí n tún un bí ni?” Mo ní, “Ẹ kàn jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde ni.” Ó ní òun kò ní purọ́ mọ́ inú ara òun. Ni mo bá jókòó tì í, mo bẹ̀rẹ̀ sí í hun irọ́ náà fún un. Àwọn ìwé ìtàn tí mo ń yá lọ́wọ́ tíṣà Wanna ti kọ́ mi pé ohun kékeré tí ojú lè rí ló ń mú kí ènìyàn gbàgbọ́. Mo fi àkùkọ sí i. Mo fi kùrukùru sórí oko ìrẹsì. Mo fi àwọn àlùfáà sójú ọ̀nà, pẹ̀lú abọ́ ọrẹ lápá wọn, bí wọ́n ti máa ń gba oúnjẹ kiri ní gbogbo òwúrọ̀. Ìyá àgbà gbọ́ ọ, ó ní, “Ó mà dùn o. Ó dùn ju bí mo ṣe bí i lọ.” Lẹ́yìn náà ó wo ìkòkò ìrẹsì wa, ó ní, “Nítorí ikùn yín ni o. Kì í ṣe nítorí ẹnu dídùn tìrẹ.”

Ìdí oúnjẹ ni Ìyá àgbà ti sọ ọ́ fún bàbá mi. Bàbá mi ti bu ìrẹsì, ó ti fi ọwọ́ rún un, kò sì gbé e dé ẹnu. “Ìyá mi, epo àtùpà ńkọ́? Èyí tó tán?” “Epo tán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti mọ́. Àwọn àlùfáà ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà.” Kò bi í ní ìbéèrè mìíràn. Ta ló ń bi ìyá rẹ̀ pé ṣé ó dá a lójú? Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí ọgbà Wichit, ó fi ọwọ́ pa iwájú ọkọ̀ dúdú náà bí ẹni tó ń dágbére fún ẹfọ̀n oko rẹ̀, ó sì ra funfun kékeré tí mo fi hàn án. Nítorí pé àwọ̀ ọsàn ni ti Ọjọ́bọ̀, ó lẹ sítíkà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, bí àwọn ènìyàn wa ti máa ń ṣe kí inú àyànmọ́ má bàa bàjẹ́: ỌKỌ̀ YÌÍ, ÀWỌ̀ ỌSÀN NI. Ọkọ̀ funfun! Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín dé ilé.

Ọkọ̀ náà dára. N kò ní purọ́ lórí ìyẹn. Nígbà tí epo tún gun òkè, tí àwọn ẹlòmíràn gbé ọkọ̀ wọn pamọ́, tiwa ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹ̀yin náà bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan bàbá mi gbé ère idẹ kékeré rẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ, Búdà tó jókòó nínú igbó, tí erin gbé omi fún, tí ọ̀bọ gbé afárá oyin fún. Ère àwọn tí wọ́n bí ní òru Ọjọ́rú ni. Bàbá mi máa ń bá erin yẹn sọ̀rọ̀ láràárọ̀, á bi í bóyá ó sùn dáadáa. Ó fi aṣọ wé e, ó gbé e lọ sí tẹ́ńpìlì. Ó ní, “Kì í ṣe tèmi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kí erin ẹlẹ́rin.” Ó ṣíwọ́ kọfí dúdú. Ó ṣíwọ́ ìtàn àtùpà. Nígbà tí a bá kọjá níwájú ilé epo, tí iye owó ti tún yí, kì í fọ́nnu mọ́. Á kàn wò ó, á gbé ojú kúrò. Ọkọ̀ wa kò jo epo, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jò lára bàbá mi, èmi ni mo sì dá ihò náà lu.

Èyí tó burú jù ló kù. Ní ìgbà òjò, àìsàn dá Ìyá àgbà dùbúlẹ̀. Bàbá mi jókòó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán kan, ó ń wọ́ ọ fún un. Mo ń gbé omi bọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyá arúgbó náà: “Khampan... epo yẹn... kò sí ìmọ́lẹ̀. Àkùkọ kò tíì...” Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé etí sí i. Mo yára. Mo ní, “Bàbá, ibà ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi.” Mo sì rẹ aṣọ sínú omi, mo fi bo ètè rẹ̀, bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Ìyá tó gba irọ́ mọ́ inú ara rẹ̀ nítorí ikùn mi, èmi ni mo fi aṣọ tútù dí i lẹ́nu. Ó wò mí láti òkè aṣọ náà. Bó bá jẹ́ pé ìbínú wà lójú rẹ̀ ni, ǹ bá sùn lẹ́yìn ọjọ́ náà. Kò sí. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi lọ. Níbi tí a ti sun òkú rẹ̀, bí àṣà wa, bàbá mi ń sọ fún àwọn àlejò pé, “Ìyá mi kò fẹ́ lọ láìsọ òtítọ́ ìbí mi fún mi.” Mo gbé àwo omi dání láàárín wọn.

Lọ́dún yìí bàbá mi pé ọgọ́ta ọdún, a sì fẹ́ ṣe ètò ìfà-ẹ̀mí-gùn fún un: kó jókòó sábẹ́ igi mẹ́ta tí a so lórí pọ̀, kí òwú funfun kan orí rẹ̀, kí àlùfáà pe orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó pè mí kí n bá òun lọ ra òdòdó aláwọ̀ ọsàn. Lójú ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ìrẹsì, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró.” Ó dúró. Ó kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì, nítorí kì í jẹ́ kí epo jó lásán. Mo sọ ọ́, láti orí àkùkọ dé orí aṣọ tútù. Kò wo ojú mi. Nígbà tí mo parí, ó bi mí ní ohun kan ṣoṣo: “Kí ni ìyá mi wí lọ́jọ́ náà? Wí i bó ṣe wí i.” Mo wí i. Ó gbé orí lé ìdarí ọkọ̀, ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀, “Kò sí ìmọ́lẹ̀. Kò sí ìmọ́lẹ̀.” N kò mọ̀ bóyá ẹkún ni àbí ẹ̀rín. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó yọ ọ̀bẹ tí a fi ń gé etí ẹní, ó sì ha sítíkà náà kúrò ní díẹ̀díẹ̀. Ó ní, “Wọ ọkọ̀.”

Ọ̀nà òdòdó kọ́ la gbà. Ẹ̀bá ògiri tẹ́ńpìlì la lọ, níbi tí eegun Ìyá àgbà wà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ foríjì mí.” Ó fi igi tùràrí lé mi lọ́wọ́. “Èmi kọ́ lo fi aṣọ dí lẹ́nu. Ẹni náà rèé. Bẹ̀ ẹ́.” Mo ní, “Tí wọn ò bá wá dáhùn ńkọ́?” Ó wo ọkọ̀ funfun wa lẹ́nu ọ̀nà. “A ó padà wá lọ́la, a ó sì tún padà wá lọ́túnla. Ṣebí ìwọ lo yan ọkọ̀ tí kì í mu epo.”

À ń lọ títí di òní. Erin ti padà sórí pẹpẹ. Bàbá mi bi í bóyá tẹ́ńpìlì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Sítíkà tuntun wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó ní èmi ni kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́: ỌKỌ̀ YÌÍ, DÚDÚ NI. Kò tíì sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì tíì rọ̀ ọ́. Ìyá àgbà, mo ṣì ń bẹ̀ yín. Ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbọ́n ju òbí yín lọ, ẹ sọ òtítọ́ fún wọn nípa epo, kí ẹ tún un sọ. Bí kò bá wọ̀ wọ́n létí, ẹ jẹ́ kí wọ́n ra ọkọ̀ dúdú wọn. Kí ẹ sì bá wọn tì í lọ́jọ́ tí epo bá tán.