Ègé Igbá Tí Mo Pààrọ̀ Ní Kíláàsì Tíṣà Bámidélé

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́kọ́ bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí lọ́kàn láti ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ní láti sọ ọ́ báyìí, nítorí ẹni tí mo ṣẹ̀ ti ní kí n bá òun bẹ ọ̀gá ilé-ìwé wa.

Tíṣà ni mí ní Ìlá. Lọ́dún náà, àwọn ọmọ abúlé kún kíláàsì, ìṣirò sì ń bà wọ́n lẹ́rù. Tíṣà Bámidélé, tí mo ṣáájú lẹ́nu iṣẹ́, gé igbá ńlá àti igbá kékeré sí ègé ègé, ó ní kí àwọn ọmọ to ọ̀kọ̀ọ̀kan padà títí yóò fi di odindi. Bí wọ́n ṣe ń tò ó ni ìdajì àti ìlàrin, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin, ń yé wọn. Àwọn ọmọ kíláàsì tèmi a máa yọjú lójú fèrèsé rẹ̀. Ó dùn mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí alábẹ̀wò ilé-ìwé ń bọ̀, mo wọ kíláàsì rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo kó ègé igbá ńlá sínú ti kékeré, mo kó ti kékeré sínú ti ńlá. Ẹ jọ̀ọ́, ìlara ni.

Níwájú alábẹ̀wò, kò sí èyí tó bára mu. Ọmọbìnrin kan ń tò ó, ó ń tú u, títí ó fi bú sẹ́kún. Alábẹ̀wò ní, "Tíṣà, eré lẹ ń ṣe níbí." Wọ́n gbé Bámidélé lọ sí Ọ̀rà.

Nígbà tó ń di ẹrù rẹ̀, ó sọ fún mi pé, "Mà, bóyá èmi ni mi ò gé e dáadáa."

Mo bá a so okùn ẹrù náà.

Láìpẹ́ yìí, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀rà, mo sì gba iwájú ilé-ìwé wọn kọjá. Bámidélé ti ń fi pákó ṣe é. Àwọn ọmọ ń jiyàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Kò tíì pé, ó ku ìlàrin."

Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. "Ẹ wá wò ó, mà. Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá yín, kí n wá fi han àwọn tíṣà Ìlá."

Mo ní màá ṣe é. Èmi náà ti ń lò ó ní kíláàsì mi báyìí, ó sì ń yé àwọn ọmọ. Mo sọ fún wọn pé Bámidélé ló ni ín.

Ọkọ mi ní kí n dákẹ́, kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa bẹ̀bẹ̀ fún un kí n sì fi ẹ̀bi tèmi sílẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Màá sọ ọ́. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún: ọ̀gá wa tó lè lé mi, àbí Bámidélé tó fi ọ̀yàyà gbà mí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bámidélé ti ń retí èsì mi.