Ọjọ́ Ìbí Bàámi Tó Sọnù Sórí Òkun

Gbé fóònù yẹn sílẹ̀, Lindsay. Mo ní gbé e sílẹ̀, má tíì tẹ nǹkan kan. Àbí etí ẹ di ni? Ìwọ kan náà, fóònù kan náà, erékùṣù kan náà, o tún jókòó sídìí tábìlì Bàámi, ò ń fi àtàǹpàkò wọ́ ojú fóònù sókè sódò, pé àyè ti ṣí sílẹ̀ nínú bàálù tó ń lọ sí Rarotonga lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pé ká tètè mú un kí ẹlòmíì tó mú un. Ká tètè. Ọ̀rọ̀ tó o sọ léṣìí náà nìyẹn. Ká tètè yẹn ló bá wa dé ibi tá a wà yìí.

Rárá, mi ò pariwo. Ẹ̀gbọ́n ẹ ni mí, ohùn mi sì nìyí. Tó bá ń dùn ẹ́ létí, ọkàn ló ti ń dun èmi.

Mo mọ̀ pé ọjọ́ ìbí ẹ̀ ló ń bọ̀, ṣé èmi lo máa sọ fún? Mo mọ̀ pé eérú tí wọ́n sun òkú ẹ̀ dà ti pẹ́ jù nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè kẹ́tùlù yẹn, àràárọ̀ tí mo bá fẹ́ po tíì ni mò ń kí i. Ó ti sọ ọ́ kó tó kú pé ká gbé òun lọ sí Titikaveka ní Rarotonga, ká da òun sómi níwájú ilé Màmá Tereapii. Mi ò ní ká má lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé kì í ṣe ìwọ lo máa ṣètò ẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú nǹkan ọwọ́ ẹ yẹn.

Glenys ńkọ́, tó ní ọ́fíìsì ìrìn àjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì? Obìnrin tó ti ń bá gbogbo Timaru yìí ṣètò ìrìn àjò láti ìgbà tí ìwọ ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé ìwé. Léṣìí, mo ní ká lọ bá a. O rẹ́rìn-ín. O ní ta ló tún ń lọ bá irú wọn láyé tá a wà yìí, pé kí n tó wọ bàtà tán wàá ti parí ẹ̀. Lóòótọ́, o parí ẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé Glenys ì bá ti béèrè. Ì bá ti fún wa ní ìjókòó, ì bá ti ní, kí lẹ ń lọ ṣe níbẹ̀, ọjọ́ wo gan-an ni nǹkan ọ̀hún bọ́ sí? Fóònù kò béèrè pé kí là ń lọ ṣe. Orúkọ wa ló béèrè, àti bóyá a máa fẹ́ jókòó létí fèrèsé.

Léṣìí yẹn, dókítà ti ní Bàámi kò lè rí Kérésì. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ lọ́wọ́ wa, Lindsay, ọkùnrin tí kì í tọrọ nǹkan, tó jẹ́ pé bó o bá bu ṣúgà kékeré sí tíì ẹ̀ ó máa ní ó ti pọ̀ jù. Ó ní òun fẹ́ pé ọgọ́rin ọdún níbi tí òun ti lo ìgbà ọ̀dọ́ òun, láàárín àwọn tí òun bá kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wọn lẹ́yìn ìjì ọjọ́sí, nílé Màmá Tereapii tó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ kan péré. Kò ní ká fún òun lóṣù.

A lọ. Mi ò ní parọ́ mọ́ ẹ, lílọ wa dùn. A gbéra ní Auckland ní Sátidé, a balẹ̀ ní Furaidé, bí gbogbo ọmọ ilẹ̀ yìí ṣe mọ̀ láti kékeré pé tó o bá ti kọjá ìlà tí wọ́n fi ya ọjọ́ kan sí èkejì lórí òkun, ọjọ́ á padà sẹ́yìn. Bàámi nawọ́ sókè nínú bàálù, ó ní, "Ẹ gbọ́ o, wọ́n fún mi ní Sátidé méjì." Ó sì jayé Sátidé kejì yẹn. A gbé àga fún un sínú omi, òkun ń lá a lẹ́sẹ̀, òdòdó tí Màmá Tereapii sín wà lọ́rùn ẹ̀, ó ń jẹ ẹja tí wọ́n fi omi ọsàn àti àgbọn rẹ, ó ń bá àwọn ọmọ ilé sọ èdè wọn tó ti gbàgbé ìlàjì ẹ̀. Ṣé o rántí ojú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Èmi rántí.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá fún ẹ nígbà tó o bá ń lọ, wọ́n á gbà á padà nígbà tó o bá ń bọ̀. Ta ló yẹ kó rántí ìyẹn? Kì í ha ṣe ìwọ tó o ra tíkẹ́ẹ̀tì?

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ìbí. O rí i lójú fóònù pé ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ la máa balẹ̀ sí Auckland, o wá ní bàálù kì í lò ju wákàtí mẹ́rin lọ, á jẹ́ pé ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ la máa gbéra, pé a máa ti ṣe ọjọ́ ìbí láàárọ̀, ìwọ á sì lè wọ iṣẹ́ ní Furaidé. Ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ ìgbéra sí, o ò wò ó. Ọjọ́rú ni wọ́n kọ síbẹ̀. Màmá Tereapii ti gbẹ́ ihò tí wọ́n máa fi òkúta gbígbóná se oúnjẹ, wọ́n ti pa ẹlẹ́dẹ̀, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ti ń hun imọ̀ àgbọn, kí àbúrò ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfúrufú tó gun alùpùpù wọlé láàárọ̀ Ọjọ́rú pé kí lẹ ṣì ń ṣe níbí, orúkọ yín wà nínú bàálù tòní.

Kò sí ká dúró. Bàálù mìíràn tó láyè, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa fà sí i lára ní Furaidé, dókítà ní kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ni a bá di ẹrù ẹ̀ bí ti ọmọ tí wọ́n lé nílé ìwé. Láàárín òkun, lórí omi tí kò ní àmì kankan, wọ́n gba ọjọ́ wọn. Ìgbà tá a máa balẹ̀, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ti lé. Àárọ̀ ọjọ́ tí bàbá mi pé ọgọ́rin ọdún kò wáyé, Lindsay. A ò rí ọ̀sán ẹ̀. Àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ gba òdòdó ọrùn ẹ̀ sọnù, òfin ni pé òdòdó òkèèrè kò gbọdọ̀ wọlé, mi ò bá wọn jà. Ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, òjò ń rọ̀ níta, ó gé páì tútù sí mẹ́ta, èyí tó tóbi jù ló fún ẹ.

Kí lo sọ? Pé ó ní kò dun òun? Ìwọ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ó ní kí n má sọ ọ́ fún ẹ, mo sì ti fi sínú títí, ṣùgbọ́n lónìí màá sọ ọ́.

Ní Furaidé yẹn, ìwọ ti wà ní ilé iṣẹ́ wàrà yín. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ní ọsibítù, wọ́n ti so ẹ̀jẹ̀ kọ́, ni Màmá Tereapii bá pè sórí fóònù mi, èyí tá a fi ń rí ojú ara wa. Furaidé ni lọ́dọ̀ wa, Ọjọ́bọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ ìbí ẹ̀ gan-an ni wọ́n wà lọ́hùn-ún. Wọn ò lè da oúnjẹ nù, wọ́n ti tẹ́ tábìlì sábẹ́ igi, gbogbo wọn wọ funfun, wọ́n gbé àga ẹ̀ síwájú, wọ́n fi òdòdó kọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, kò sẹ́nì kankan lórí ẹ̀. Wọ́n ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn yẹn, obìnrin ń lé, ọkùnrin ń gbè. Bàámi ń bá wọn gbè é lórí ibùsùn títí nọ́ọ̀sì fi dúró ń wò ó. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ailsa, wò ó, ọjọ́ ìbí mi nìyẹn. Wọ́n ń ṣe é láìsí mi." Ó sunkún. Kò sunkún tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tá a sin Màámi. Ó wá ní, "Má sọ fún Lindsay. Ọmọ náà gbìyànjú."

Oṣù tó tẹ̀ lé e ló kú.

Fi ojú ẹ sílẹ̀, má nù ún. Sun ún, ọmọ ìyá mi. Èmi ti ń dá a sun láti ọjọ́ yìí.

Ó yá, nu imú, wọ kóòtù, ká lọ bá Glenys. Kí ló ṣe? Ó ti kógbá sílé? Ìgbà wo? Èékánná ni wọ́n ń kùn níbẹ̀ báyìí? Ẹ ẹ́n, irú yín náà lẹ lé e lọ.

Ó dáa. Mú fóònù náà sún mọ́ mi. Kà á sókè kí n gbọ́. Mi ò béèrè ọjọ́ tá a máa balẹ̀, ọjọ́ tá a máa gbéra ni kó o kà. Hẹn. Ka ti àbọ̀. Tún un kà. Lẹ́yìn ọjọ́ ìbí ni? Lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, àbí lọ́dọ̀ wa níbí? Fi ọjọ́ kan kún un. Fi òmíì kún un.

Ó ń béèrè pé èèyàn mélòó? Kọ méjì, èmi àti ìwọ, àlọ àti àbọ̀. Bàámi? Kí ló tún ń pa mí lẹ́rìn-ín báyìí, Ọlọ́run mi. Lindsay, àlọ nìkan ni ti Bàámi. Ọjọ́ tí wọ́n bá fún wa lórí omi, èmi àti ìwọ á dá tiwa padà nígbà tá a bá ń bọ̀. Tiẹ̀ ò ní kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó wá bá a ní Titikaveka. Tẹ̀ ẹ́.