Omi Òkè Padre Ni Mo Bù Sínú Ìgò Bẹyẹrúnkà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi. Mi ò sọ ọ́ fún àfẹ́sọ́nà mi. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo ẹbí, ó ń tọrọ àforíjì nítorí òótọ́ tó sọ. Èmi tí mo mọ̀ pé òótọ́ ni, mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo ìka ẹsẹ̀ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ó ń bí mi sí àwọn èèyàn kan, màá sì sọ ohun tí kálukú wọn ṣe. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi ló ṣí ọmọrí ìgò.

Ọmọ agboolé alágbẹ̀dẹ ni mí, ní Bẹyẹrúnkà, àdúgbò àtijọ́ tí kò jìnnà sí Ọjà'ba. Ẹ máa pè mí ní Àbẹ̀kẹ́, oríkì mi ni. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, kì í pè mí ní nǹkan mìíràn.

Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ yunifásítì nínú agboolé wa. Yunifásítì ìjọba ńlá kan ni, ìlú yìí náà ló wà. Àwa mẹ́fà ni wọ́n kó sínú yàrá tí wọ́n kọ́ fún èèyàn mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí a dé, Ṣadé tó gba bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ń sọ bí obìnrin kan ṣe bú u ní Ọjà'ba.

Ó ní, "Àwọn ará ibẹ̀ yẹn! Tí wọ́n bá ń ṣépè fún ẹ, o máa rò pé wọ́n ń kí ẹ kú ọdún ni. O tiẹ̀ máa ṣe àmín!"

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí wọ́n wá bi mí pé níbo ni ilé wa, mo ní Bódìjà, àdúgbò àwọn olówó.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi jẹ́ ọmọ Bódìjà. Sandy ni wọ́n ń pè mí. Tí a bá gba ìsinmi, màá bá wọn wọ ọkọ̀, màá sọ̀ kalẹ̀ ní Bódìjà, màá juwọ́ sí wọn. Tí ọkọ̀ wọn bá ti lọ tán, màá wá wọ òmíràn tó ń lọ sí Béèrè, níbi tí mo ti ń rìn wọ ilé wa.

Nígbà tí a wà ní ọdún tó kẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa ń ṣe ìwádìí lórí omi kànga ní àwọn agboolé àtijọ́. Ọ̀gá ni màá máa pè é. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ló fi ṣe lébìrà. Ó ní ara máàkì wa ni. A óò lọ káàkiri, a óò fa omi kànga kọ̀ọ̀kan sínú ìgò, a óò kọ orúkọ agboolé àti aago tí a fa omi náà sára ìgò, a óò kó o wá fún àyẹ̀wò.

Ó pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ti rí àdírẹ́sì mi nínú fọ́ọ̀mù.

"Ṣebí ọmọ Bẹyẹrúnkà ni ẹ́? Ìwọ lo máa mú àwọn yòókù lọ síbẹ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Nílé wa, bí ọmọbìnrin ilé bá mú àlejò wá, kò lè kí wọn kó sì kọjá bẹ́ẹ̀. Yóò kúnlẹ̀ níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyá Àgbà yóò sì ki í. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí Àbẹ̀kẹ́, yóò ki í títí dé orí baba ńlá wa tó ń rọ ọkọ́ àti idà. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ já a lẹ́nu. Mo rí ara mi lórí ìkúnlẹ̀ láàárín àwọn adìyẹ, tí Ṣadé àti àwọn yòókù dúró tì mí, tí wọ́n ń wo Sandy ọmọ Bódìjà.

Mo ní, "Sà, àwọn àgbà ibẹ̀ kì í fẹ́ èrò. Ẹ jẹ́ kí èmi nìkan lọ."

Òfin tí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kọ ni pé méjì méjì ni kí a máa lọ, kí ẹnìkejì lè jẹ́rìí. Ó ní, "Kò burú. Ọmọ ibẹ̀ ni ẹ́, mo fọkàn tán ẹ."

Mo fẹ́ lọ ní tòótọ́. Ọlọ́run mọ̀. Mo gbé àpò ìgò méjìlá kọ́ èjìká, mo dé Béèrè. Àfi bí mo ṣe pàdé Ṣadé àti àwọn méjì mìíràn. Wọ́n ti ṣe ti apá Mapó tán.

"Sandy! Jẹ́ ká sìn ẹ́ lọ jàre. Kí wọ́n má lọ bú ẹ pa!"

Ẹnu mi yá. Mo ní mo ti ṣe tèmi náà tán.

"Kí ló dé tí àpò rẹ fúyẹ́ tó báyìí?"

Mo ní mo kó àwọn ìgò tó kún sí ilé tíṣà mi kan ní Òkè Padre. Wọ́n ní kí n lọ kó o wá, àwọn á dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọ̀nà tó wọ ilé wa gan-an ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń jẹ bọ̀ọ̀lì.

Bí mo ṣe lọ sí Òkè Padre nìyẹn. Tíṣà tó kọ́ mi ní girama ń gbé níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì ní bóhóòlù tó jinlẹ̀. Wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi omi ṣe. Mo ní mo fẹ́ fi ṣan ìgò ni, sà. Láti ẹnu ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni mo ti bu omi kún ìgò méjèèjìlá. Mo kọ orúkọ agboolé méjìlá sí wọn lára. Mo tiẹ̀ fi ìṣẹ́jú méje méje sáàárín aago wọn kó lè jọ ẹni tó ń rìn. Ìgò kẹta ni mo kọ orúkọ ilé baba mi sí.

Èsì dé. Gbogbo ìgò mi mọ́ lóló, ọ̀kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Mo dúró kí Ọ̀gá pè mí. Ìbejì kì í pé méjìlá. Ẹni tó bá lójú yóò béèrè. Ẹ mọ ohun tí Ọ̀gá ṣe? Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé èyí fi hàn pé ìṣàn omi kan náà ló wà lábẹ́ gbogbo ilẹ̀ Bẹyẹrúnkà. Ó gbé e lọ sí ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé ní òkè òkun. Kò rán ẹnikẹ́ni padà síbẹ̀. Irọ́ mi, òun ló bá mi wá ìdí fún un. Ó fún mi ní máàkì tó ga jù ní kíláàsì.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Àfi bí Ọ̀gá ṣe tẹ bébà kan fún agboolé kọ̀ọ̀kan pé omi kànga wọn mọ́, ó ṣeé mu, tó sì ní kí n pín wọn. Mo mú tiwa wá sílé. Bàbá Mọ́gàjí, olórí ẹbí wa, ti bá bíríkìlà sọ̀rọ̀ nígbà yẹn láti bo kànga wa, torí ṣáláńgá tí aládùúgbò gbẹ́ ti sún mọ́ ọn jù. Wọ́n gba bébà náà, wọ́n wò mí lójú.

"Àbẹ̀kẹ́, ìwọ fúnra rẹ lo pọn omi yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Wọ́n ní kí bíríkìlà máa lọ. Wọ́n fi férémù sí bébà náà, wọ́n gbé e kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò tí wọ́n yà ní Mẹ́kà. Ọ̀gá gbà mí gbọ́ torí mo jẹ́ ọmọ Bẹyẹrúnkà. Ará ilé gba Ọ̀gá gbọ́ torí èmi ọmọ wọn ni mo mú bébà rẹ̀ wá. Èmi tí mo wà láàárín wọn ni mo ta àwọn méjèèjì.

Nígbà òjò tó kọjá, Ràífà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kó táífọ́ọ̀dù. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò ní ọsibítù. Nọ́ọ̀sì béèrè irú omi tí a ń mu. Bọ̀ọ̀dá Múrí, ẹ̀gbọ́n mi, yọ fóònù, wọ́n fi fọ́tò bébà ara ògiri hàn án.

"Omi wa dára, mà. Yunifásítì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àbúrò mi tó dúró yìí ló bá wọn ṣe é."

Nọ́ọ̀sì wò mí. Mo ní mo fẹ́ lọ ra ọsàn fún ọmọ.

Ràífà yè é, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bọ̀ọ̀dá mi ò fọkàn tán kànga mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, ní ìpàdé ẹbí, bọ̀ọ̀dá mi dìde, wọ́n ní kí a bo kànga náà.

Bàbá Mọ́gàjí rẹ́rìn-ín. "Múrí, ìwọ tó ń tún fíríìjì ṣe, o wá mọ omi ju yunifásítì lọ? Bébà nìyẹn lára ògiri. Ṣé o fẹ́ pe àbúrò rẹ ní òpùrọ́ ni?"

Ìyá Àgbà ní, "Omi tí a fi wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ ìkómọ lo ń bú yẹn, Múrí."

Bọ̀ọ̀dá mi yíjú sí mi. "Àbẹ̀kẹ́, sọ̀rọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní, "Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ ni, bọ̀ọ̀dá mi."

Bàbá Mọ́gàjí ní kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ó dọ̀bálẹ̀. Ràífà wà níbẹ̀, ó ń wo bàbá rẹ̀ nílẹ̀.

Mo ti bínú sí Ṣadé. Mo ti bínú sí Ọ̀gá, inú sì ń bí mi sí i títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n Ṣadé ò mọ̀ pé ọmọ Bẹyẹrúnkà ló wà níwájú òun. Èmi mọ̀.

Lọ́la ni ìpàdé mìíràn. Bí wọ́n bá ti ṣe àdúrà tán, màá dìde, màá sọ gbogbo rẹ̀, láti orí Bódìjà dé orí ìgò kẹta. Lọ́jọ́ Ajé màá lọ bá Ọ̀gá, torí agboolé mọ́kànlá mìíràn ló ní bébà lọ́wọ́. Ìwé ẹ̀rí tí mo fi ń ṣe tíṣà lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Kó bọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn lé lórí kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún? Bàbá Mọ́gàjí ni àgbà, ìlànà ilé wa ni pé ọ̀dọ̀ wọn ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n iwájú Ràífà ni ọkàn mi wà.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu omi náà kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Nítorí náà, láàárọ̀ yìí, mo yọ férémù lára ògiri. Mo tún tú dòrò, rọ́bà tí a fi ń fa omi, kúrò lára kànga tòun ti okùn rẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni méjèèjì wà. Mo ra àpò omi inú ọ̀rá mẹ́rin sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní sàárà ni.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ń gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà nínú àgbàlá. Wọ́n ń ṣépè fún ẹni tó jí dòrò. Wọ́n ní ara onítọ̀hún ò ní balẹ̀ àfi tó bá jẹ́wọ́.

Mo ṣe àmín.