Orúkọ Yusrah Lórí Ìwé Ìtàn Amẹ́ríkà

Rárá, Alhaji Dáúdà, mi ò ní jókòó, ìdúró yìí tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀yin ni chairman, ẹ̀yin náà lẹ bẹ Yusrah ọmọ mi pé kó bá society wa wá ìtàn àwọn tí wọ́n gbàgbé nígbà tí wọ́n ń dá Amẹ́ríkà sílẹ̀. Àbí èmi ni mo bẹ̀ ẹ́?

Oṣù mẹ́rin gbáko. Tó bá ti parí shift ní care home, ó di library nìyẹn. Á wá jókòó tì mí, á máa sọ nípa àwọn obìnrin tó ń tẹ̀lé ọmọ ogun kiri, tí wọ́n ń fọ aṣọ, tí wọ́n ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́; àti àwọn obìnrin wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Carolina, tí wọ́n mọ iṣẹ́ oko ìrẹsì dunjú, tó wá jẹ́ pé ọ̀gá wọn ni wọ́n ń yìn. Mùsùlùmí wà nínú àwọn ẹrú yẹn, Alhaji. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà ò mọ̀, ẹ sọ ọ́ lójú mi.

Ó wá di Sátidé tí society fẹ́ gbọ́ ìtàn tó kọ, ta lẹ gbé máíìkì fún pé kó kà á? Abdulbasit. Ẹ ní ohùn rẹ̀ dára. Ó dára lóòótọ́. Yusrah ńkọ́? Kíṣìnì ló wà, ó ń bu jọ̀lọ́ọ̀fù.

Ìyá Sherifat wá béèrè pé kí ni wọ́n ń fún àwọn obìnrin ojú ogun yẹn jẹ. Abdulbasit ṣí ìwé síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Yusrah dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, ó ní lọ́pọ̀ ìgbà, oúnjẹ wọn kì í tó ti ọmọ ogun kan. Kí lẹ̀yin sọ? "Sister, ẹ jẹ́ kí speaker wa parí." Ẹ fún speaker ní àwo ẹ̀yẹ. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn sister tó dáná.

Nígbà tá a délé, ó ní, "Mummy, allow it, it's calm." Ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn. Kò tíì dé library láti ọjọ́ náà. Ìyẹn ló gbé mi wá.

Àṣìṣe ni, mo gbọ́. Ìwé ìtàn náà ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́ lọ́la, orúkọ Abdulbasit lẹ sì kọ sókè rẹ̀. Ẹ mú bírò. Yusrah Àjíṣafẹ́ ló kọ ọ́. Rárá, kì í ṣe ìsàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, lọ́dọ̀ àwọn tó dáná. Òkè.

Ti Abdulbasit? Ẹ má pa á rẹ́ o. Ẹ kọ ọ́ pé òun ló kà á. Ó kà á dáadáa.