Sójà Tó Ń Bẹ̀rù Ìyá Ẹ̀

Nínú takisí láti Àgọ́-Ìwòyè sí Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, láàárín ọmọkùnrin kan tó gbé báàgì ńlá lé ẹsẹ̀ àti ìyá àgbàlagbà tó jókòó tì í.

"Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ sójà, mà. Ọ̀la ni mo máa wọ bárékè."

"Yunifásítì ńkọ́?"

"Mo ti fi í sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní kọ́ọ̀sì náà ti mọ̀ mí ju ọmọ ẹ̀ lọ."

"Kí ni màmá ẹ wí sí i?"

"Wọn ò tíì gbọ́. Lọ́jọ́ ìgbanisíṣẹ́, àwọn sójà ní kí n sáré, mo sáré. Wọ́n ní kí n fò, mo fò. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, ọkọ̀ mẹ́ta ni mo jẹ́ kó lọ, torí mi ò mọ bí mo ṣe máa wọlé bá màmá mi. Ẹ wo sójà tó ń bẹ̀rù ìyá ẹ̀!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì fa báàgì náà mọ́ra.

Àtìkòrì ni ìyá àgbàlagbà náà ti sọ fún awakọ̀ pé òun ń lọ. Nígbà tí ọmọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ ní Òkè-Àgbò, ládùúgbò màmá rẹ̀, ìyá àgbàlagbà náà sọ̀ tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dé ibi tó ń lọ.

"Máa lọ níwájú," ó ní. "Bí màmá ẹ bá bínú jù, ẹ̀yìn mi ni kí o sá sí."